Kántà PIC olówó pọ́ọ́kú àti próòbù aláfọwọ́ṣe: ibi tó dára sí, ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí

Kíìtì onínọ́ńbà márùn-ún nì là ń sọ, kántà tó ń ka fíríkúẹ́ńsì rédíò, èyí tó ń fi PIC16F628A (ṣíìpù kọ̀ǹpútà kékeré) àti kírísítà 20 MHz ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní 1 Hz sí 50 MHz. Ẹni tó bá mọ áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mú dáadáa á jó o tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Lórí 40 m, ìyẹn báńdì rédíò 7 MHz, 7.0300 ló máa kọ, ìyẹn ni pé ó ń kà dé 100 Hz. Tó bá ti kọjá 10 MHz, ojú rẹ̀ ò gbà ju nọ́ńbà márùn-ún bíi 14.060 lọ, 1 kHz ló kéré jù tó lè fi hàn. Ó tó ẹni tó ń kọ́ VFO, ìyẹn ọ́síléétọ̀ (sákítì tó ń pilẹ̀ fíríkúẹ́ńsì) tó ṣeé yí. Ẹni tó ń wá Hz kọ̀ọ̀kan kó má wulẹ̀ ná owó rẹ̀ sí i.

Kì í ṣe ìkà ni àléébù rẹ̀, etí rẹ̀ ló di. Ihò ẹsẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ohun tó ń wọlé, okùn kankan ò bá a wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á jó mítà kan RG-58 (okùn coax) mọ́ ọn, wọ́n á sì fi orí rẹ̀ kan kọ́ìlì ọ́síléétọ̀ ní tààràtà. Mítà kan RG-58 tàbí RG-174 ń gbé nǹkan bí 100 pF kapásítánsì dání. Mú ọ́síléétọ̀ 7 MHz tí gbogbo kapásítọ̀ orí kọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ 300 pF: bí okùn yẹn bá ti kàn án, 300 di 400, 7.000 MHz já wálẹ̀ sí nǹkan bí 6.06, bí ọ́síléétọ̀ náà ò bá tilẹ̀ dákẹ́ pátápátá. Kántà ò purọ́ o. Ohun tó bá níwájú rẹ̀ ló kà. Okùn ló ti sọ ọ́síléétọ̀ di nǹkan mìíràn.

Próòbù tó ń tún èyí ṣe ò gbà ju ìwọ̀nba ẹ̀yà lọ: J310 kan (táńsísítọ̀ JFET, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni gate, drain àti source), 2N3904 kan (táńsísítọ̀ NPN, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni base, collector àti emitter), kapásítọ̀ 2.2 pF kan, 10 nF kan, 100 nF méjì, rẹsísítọ̀ 1 MΩ, 1 kΩ, 220 Ω, 100 Ω àti 47 Ω, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀dù ọlọ́bàbà tó fẹ̀ tó ìka, RG-174 bí 50 cm, bátìrì 9 V. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni ẹnu rẹ̀. Irin abẹ́rẹ́ máa ń kọ lẹ́ẹ̀dì, nítorí náà ẹ fi sáńpépà ha ìdí rẹ̀, ẹ wé wáyà bàbà tín-ínrín mọ́ ọn bí ìgbà márùn-ún, kí ẹ tó jó o.

Láti abẹ́rẹ́, 2.2 pF ló máa lọ sí gate J310, pẹ̀lú 1 MΩ láti gate sí áàsì (ilẹ̀ sákítì). Drain lọ sí 9 V, 100 nF kan á sì wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an lọ sí áàsì. Source gba 1 kΩ lọ sí áàsì, ó sì gba 100 Ω wọ base 2N3904. Collector lọ sí 9 V pẹ̀lú 100 nF tirẹ̀. Emitter gba 220 Ω lọ sí áàsì, ó gba 10 nF àti 47 Ω bọ́ sínú coax. Ẹ má fo 100 Ω àti 47 Ω yẹn. Láìsí wọn, ìpele kejì lè sọ ara rẹ̀ di ọ́síléétọ̀ nítorí kapásítánsì coax, kántà á sì máa ka nọ́ńbà nígbà tí abẹ́rẹ́ ò kan nǹkan kan. Tí nọ́ńbà bá ń jó báyìí, ẹ yọ próòbù kúrò pátápátá. Bí kò bá dáwọ́ dúró, kántà ló ni ẹjọ́, kì í ṣe próòbù.

Ẹsẹ̀ J310 ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ ni gate rẹ̀ wà, ti 2N3819 tí àwọn kan ń fi rọ́pò rẹ̀ sì wà láàárín. Drain àti source ṣeé gba ipò ara wọn, gate ò ṣeé ṣì. Ẹ gbé mítà tí ẹ fi ń wọn iná sórí dáyóòdù, wáyà pupa lórí gate, dúdú lórí ẹsẹ̀ méjèèjì yòókù: méjèèjì á fi nǹkan bí 0.7 hàn. Ṣùgbọ́n NPN lásán á ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ayédèrú ti ń gba ojú ẹni lọ. Ẹ wá wọn ohm láàárín drain àti source. JFET gidi á fi Ω díẹ̀ hàn lọ́nà méjèèjì, ti NPN á ṣí sílẹ̀ gbàgbàgbà. Nígbà tí ẹ bá ti jó gbogbo ẹ̀ tán, source gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 5 V, kí emitter sì fi bí 0.7 V kéré sí i.

Wáyà tó so áàsì próòbù mọ́ áàsì ohun tí ẹ ń wọ̀n ò gbọdọ̀ ju 5 cm lọ. Bí nọ́ńbà bá ń yí nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ sún mọ́ próòbù, áàsì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Próòbù yìí ò sì wà fún ohùn: lábẹ́ 25 kHz tàbí bẹ́ẹ̀, 2.2 pF ò jẹ́ kí nǹkan kọjá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ti di iwin tó lè kan nǹkan láìfọwọ́ kàn án. 2.2 pF pẹ̀lú kapásítánsì inú J310 ṣì ń fi bí 1.4 pF kún kọ́ìlì. Lórí ọ́síléétọ̀ 300 pF wa tòkè, ìyẹn á fà á wálẹ̀ ní kHz 16. Ẹni tó bá tipa bẹ́ẹ̀ gbé VFO sí 7.190, bó bá ti yọ abẹ́rẹ́ kúrò, 7.206 ló bá ara rẹ̀. Nàìjíríà wà ní Region 1 nínú bí ITU ṣe pín ayé fún rédíò, 7.200 sì ni 40 m parí sí. Lẹ́yìn buffer (ìpele tó ń dáàbò bo ọ́síléétọ̀) ni kí ẹ ti máa kà, kì í ṣe lórí kọ́ìlì.

Fún transmitter (ẹ̀rọ tó ń fi rédíò ránṣẹ́), próòbù yìí ò yẹ rárá. 5 W lórí 50 Ω tó nǹkan bí 22 V ní ténté. Wáyà oníbáníìṣì tí wọ́n wé lẹ́ẹ̀mẹta, tó fẹ̀ tó 1.5 cm, ní ẹnu coax kan, pẹ̀lú dáyóòdù 1N4148 méjì láti ẹnu ọ̀nà kántà sí áàsì, tí orí ọ̀kan wà níbi ìdí èkejì, ló yẹ. Ẹ gbé e sún mọ́ kọ́ìlì tó gbẹ̀yìn nínú fílítà, bí 2 cm, láìfi kàn án. Ṣáájú fílítà, hàmóníkì (ìlọ́po fíríkúẹ́ńsì) lè borí, kántà á ka 14 fún yín dípò 7. CW (Morse) pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní títẹ̀ mọ́lẹ̀ ni kí ẹ fi kà, SSB (ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀) láìsí ohùn ò ní nǹkan tó lè kà.

Kíìtì nìkan, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Pẹ̀lú próòbù, mẹ́rin. Ẹ fi suíìṣì sí bátìrì rẹ̀: ó ń jẹ bí 13 mA, bátìrì 500 mAh tí wọ́n bá gbàgbé sórí rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé ò ní rí alẹ́ Mọ́ńdè.