Rebound hammer tá a fi yẹ òpó kíláàsì wò: èrò tèmi rèé

Rebound hammer, ìyẹn irinṣẹ́ bí òòlù tí wọ́n fi ń gbá kankéré láti mọ bí ojú ẹ̀ ṣe le tó, dáa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó tà á fún wa ní ó máa sọ bí kankéré ṣe lágbára tó, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí kankéré ò ti le tó bíi tàwọn tó kù ló máa ń tú síta, ohun tí àwa tá a ń mójú tó kíláàsì tuntun níléèwé sì nílò gan-an nìyẹn.

Ẹ ó fi ẹnu ẹ̀ ti òpó, ẹ ó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí sípíríǹgì inú ẹ̀ á fi tú sílẹ̀, irin inú ẹ̀ á gbá òpó á sì ta padà, bó bá ṣe ta padà tó ni nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa kà, bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe ga tó ni ojú kankéré ṣe le tó. Òpó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, lókè ẹ̀ mò ń rí 35, 36, 34, mo sọ̀ kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ẹ̀ ló bá di 21, 19, 23, ìró ẹ̀ gan-an yí padà. Ojú ẹ̀ ń dán o, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì ra á. A ní kí bíríkìlà gbẹ́ ẹ, ni òkúta bá ń já bọ́, kò sí sìmẹ́ǹtì láàárín wọn, ihò ihò bí afárá oyin, rọ́ọ̀dù hàn síta. Wọn ò gbọn kankéré yẹn dé ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n dà á. Kọngílá ní ká jẹ́ kóun fi sìmẹ́ǹtì dí i, ká kùn ún lọ́dà, inú bí mi gan-an torí àwọn ọmọdé ló máa jókòó lábẹ́ díkìn tí òpó yẹn gbé ró. Ẹnjiníà ò gbà, ó ní kí wọ́n fi igi gbé díkìn ró ná, kí wọ́n gbẹ́ ẹ dé ibi tó le, kí wọ́n fọ rọ́ọ̀dù mọ́ kí wọ́n tó da òmíì sí i.

Ilé àtijọ́ ló ti lè tàn yín jẹ. Ojú kankéré tó ti pẹ́ máa ń le torí carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ tó ti wọ̀ ọ́, nọ́ńbà á ga, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà yẹn ló ń jẹ́ kí rọ́ọ̀dù inú ẹ̀ dípẹtà. Ẹ fọ́n phenolphthalein, kẹ́míkà olómi kan tó máa ń yí àwọ̀ padà, síbi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, ibi tí àwọ̀ ẹ̀ ò bá yí padà ò lè dáàbò bo rọ́ọ̀dù mọ́. Irinṣẹ́ yìí ò sì lè rí inú ògiri. Ní January 2016 ìjì wó ògiri Oxgangs Primary School ní Edinburgh, lórílẹ̀-èdè Scotland, wọ́n padà ti iléèwé 17 pa, ìwádìí sì fi hàn pé àwọn irin tó yẹ kó so ògiri inú mọ́ tìta ò wọlé tó. Kò sóòlù tó máa sọ ìyẹn fún yín, àfi kẹ́nì kan dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń mọ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ fi òkúta tó bá a wá ha ojú ibẹ̀, ẹ gbá a nígbà 10 káàkiri ojú ibẹ̀, ẹ má gbá ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá ro nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí mẹ́wàá. Agbára gidi, àfi kẹ́ ẹ gé kankéré lọ síbi àyẹ̀wò. Ẹ sì lò ó kí wọ́n tó rẹ́lé o, tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, sìmẹ́ǹtì ìrẹ́lé lẹ kàn ń gbá.