Ká mú ẹ́ńjìnì gbóná pẹ́, àbí ká ṣíná ká sì máa lọ?

Láàárọ̀ ní Bódìjà, ẹ óò gbọ́ ọkọ̀ tó ń dún lójú kan fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹni tó ni ín tó wọlé sínú rẹ̀. Ẹlòmíì ṣíná, kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ, ó ti jáde.

Ní ti owó, ìdúró pípẹ́ ń jẹ bẹntiróòlù láìgbé yín débì kan. Bí epo ṣe wọ́n yìí, ó ń dùn mí.

Ní ti ẹ̀mí ẹ́ńjìnì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ́ńjìnì tútù ń fa bẹntiróòlù púpọ̀. Èyí tí kò jó tán ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà, ihò inú ẹ́ńjìnì tí epo ti ń jó. Ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́jẹ́ sì ń tètè gbóná ju èyí tó dúró lọ. Jẹ́jẹ́ ni mo wí o! Ẹni tó bá ṣíná tó sì fi eré gun òkè Màpó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ń jẹ ẹ́ńjìnì rẹ̀ níyà.

Ewu wà pẹ̀lú: ẹ má ṣíná sílẹ̀ nínú gáréèjì tí ẹ tì pa. Èéfín yẹn ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn, ó ń pànìyàn.

Ọkọ̀ oní-kabúrétọ̀ àtijọ́ (kabúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì) nílò ìṣẹ́jú 2 sí 3, pàápàá nígbà ọyẹ́, kó má baà máa kú lójú ọ̀nà. Oní-ínjẹ́tọ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí bó ṣe ń fín epo sínú ẹ́ńjìnì, ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí ìṣẹ́jú 1 tó o. Ti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbéra láti Òjòó yàtọ̀: bí bírékì rẹ̀ bá ń lo afẹ́fẹ́, kó dúró títí afẹ́fẹ́ yóò fi kún inú táǹkì bírékì náà.