Ìkìlọ̀ fún onílọ́rì: ẹ yẹ ìdí “ẹ́ńjìnnì sójà” wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin onítípà, ẹ̀yin tó ń kó yanrìn àti òkúta láti Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán wọ Ìlọrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Àwọn kan ń ta ẹ́ńjìnnì Mercedes OM352 tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé àwọn ológun. Wọ́n á ní inú ọkọ̀ sójà Jámánì ni wọ́n ti tú u, pé kò rìn púpọ̀, wọ́n á sì búra pé bó ṣe wà nílẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́ ló máa wọ lọ́rì Mercedes 911 yín. Orúkọ sójà yẹn ni wọ́n fi ń gbówó lé e ju tòkunbọ̀ yòókù lọ. Ọ̀rọ̀ “ó máa wọ̀ ọ́” yẹn gan-an ni jìbìtì ibẹ̀.

Òótọ́ ni pé OM352 wà nínú 911 wa. Ó wà nínú 911 ológun tí táyà iwájú rẹ̀ náà ń wọ́, ó wà nínú Unimog, ọkọ̀ Mercedes kan tí àwọn ológun náà ń lò, ó sì wà nínú jẹnẹrétọ̀. Àárín gbogbo wọn jọra: sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, líta 5.675, ihò sílíńdà fẹ̀ tó 97 mm, písítìnnì ń rin 128 mm. Ohun tí wọ́n fi ń múni nìyẹn. Ohun tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn rẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, ibẹ̀ sì ni owó yín máa wọ̀ lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí táyà iwájú ń wọ́, differential iwájú, ìyẹn gíá tó ń pín agbára fún táyà iwájú, ń bẹ lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà wọ́n ṣe sump rẹ̀, ìyẹn àwo irin tó ń gba ọ́ìlì nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kó lè yẹra fún un. Ti 911 tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbé sump tí kì í ṣe ti ọkọ̀ yín wọlé, ó lè má kan axle, irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Ọjọ́ tí ẹrù bá kún tí táyà sì já sí kòtò, axle á gbá a, á là, ọ́ìlì á sì dànù sójú títì. Sump àtijọ́ yín ló yẹ kẹ́ ẹ dá padà sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí sump bá yí, páìpù tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń fà á gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì náà gbọ́dọ̀ yí. Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ló ń gbàgbé ọ̀pá yìí. Ọ̀pá ti sump kan nínú sump mìíràn, irọ́ ló máa pa: ó lè ní ọ́ìlì kún, nígbà tó jẹ́ pé kò pé. Páìpù tí kò bá sì dé ibi tó jinlẹ̀ jù nínú sump, afẹ́fẹ́ ló máa fà nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù. Kò ní pẹ́ tí bẹ́ríìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

Ẹ wá yí sẹ́yìn rẹ̀. Flywheel (àwo irin wíwúwo tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì), ilé flywheel, ìwọ̀n kíláàṣì, eyín tí kick starter ń mú, àti bẹ́ríìnì kékeré tó wà ní ìdí crankshaft (ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí) tí ọ̀pá gíá, èyí tó yọ síwájú gíábọ́ọ̀sì, ń wọ̀: ẹ gbé ìwọ̀n gbogbo wọn lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n wé èyí tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹ fi caliper, irin ìwọ̀n àwọn mẹ́káníìkì, wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú. Tí oníṣòwò bá ní wẹ́dà máa bá yín gé e, tàbí pé wọ́n á lu ihò tuntun sí i, ẹ kúrò níbẹ̀. Ihò tí a fi ọwọ́ lù kì í wà ní àárín gbùngbùn. Ọ̀pá gíá á máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kíláàṣì á máa hó, gíá á máa já fúnra rẹ̀, bẹ́ríìnì iwájú gíábọ́ọ̀sì á sì tú.

Èyí tó burú jù ni ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà sọ di ti sójà. Jẹnẹrétọ̀ tó ń fi irú ẹ́ńjìnnì yìí ṣiṣẹ́ sábà máa ń yí 1500 ní ìṣẹ́jú kan, torí pé iná wa jẹ́ 50 Hz. Ti 911 ń lọ dé 2800. Governor ti jẹnẹrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń dá ẹ́ńjìnnì dúró kó má yí jù, kò ní jẹ́ kó kọjá ibi tí wọ́n fi í sí. Yóò dún dáadáa lórí ìdúró lọ́jà, ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ọkọ̀ á kàn máa fà ni, kò ní sáré. Wọ́n á sọ pé síkúrù kan ṣoṣo ni wọ́n máa yí. Irọ́ ni. Spring àti òṣùwọ̀n inú governor náà yàtọ̀. Pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì ti lọ́rì pẹ̀lú governor rẹ̀ lẹ máa rà, kí ẹni tó mọ pọ́ǹpù sì tún timing rẹ̀ ṣe, ìyẹn àsìkò tó ń tú epo sínú sílíńdà. Ẹ ka nọ́ńbà ara àwo pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ fi wé ti àtijọ́ yín. Tí wọ́n bá ti yọ àwo náà, ẹ má rà á.

Kick starter àti alternator ọkọ̀ sójà sábà máa ń jẹ́ fólìtì 24. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ 12, ẹ yí ti àtijọ́ yín padà sára ẹ́ńjìnnì, tí eyín flywheel bá bá a mu. Fólìtì 24 lórí kick starter 12 á jó o.

Ẹ má gba ọ̀dà tuntun gbọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹ̀gbẹ́ block, ìyẹn ara irin ńlá tí àwọn sílíńdà wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti là. Ẹ́ńjìnnì tó dúró síta ní òtútù Yúróòpù pẹ̀lú omi lásán nínú, omi náà máa ń dì, á wú, á sì la block. Tí wọ́n bá ti tan án kẹ́ ẹ tó dé, ẹ ní kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ tó tún tan án, torí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ń bo àìlera mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìka kan ọ́ìlì rẹ̀. Tó bá ki bí ọ́ìlì gíá, ohun tí wọ́n fẹ́ bò ni kíkàn bẹ́ríìnì àti èéfín. Ẹ fi òǹtẹ̀ irin sàmì sára pọ́ǹpù, nọ́súù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fín epo, kick starter àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn kí ẹ́ńjìnnì tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ti MAN náà ń jẹ́ kí àwọn èèyàn kó sí wàhálà. MAN KAT, lọ́rì àwọn ológun Jámánì, kò ní ẹ́ńjìnnì MAN nínú rárá. Ẹ́ńjìnnì iléeṣẹ́ Deutz ni, V8 (sílíńdà mẹ́jọ tó ya bíi V), afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní rédíétọ̀. Kò sí bó ṣe máa wọ MAN tí ẹ fi ń kó ẹrù. Unimog 404 sì rèé, pẹtiróòlù ló ń mu, líta 2.2 sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá pè é ní dísẹ́ẹ̀lì fún yín, òpùrọ́ ni.

Nọ́ńbà ara block pàápàá ń sọ̀rọ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni irú ẹ́ńjìnnì, ìyókù ni ti ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an. Tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ kúrò, kò ní wọ ìwé ọkọ̀ yín ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, ọlọ́pàá sì lè ní olè lẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà náà, kẹ́ ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ohun kan kù. Wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ fi ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sílẹ̀ káwọn lè dín owó kù. Ẹ má gbà. Sump, páìpù ọ́ìlì, flywheel, ilé rẹ̀, ìjókòó ẹ́ńjìnnì, fáànù àti pọ́ǹpù tó máa jẹ́ kí tuntun wọlé, ara àtijọ́ yẹn ni gbogbo wọn wà. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lónìí, ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa padà sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti rà á lọ́kọ̀ọ̀kan.