Fáànù ọ̀kadà: èyí tá à ń fọwọ́ tàn, àbí èyí tó ń tan ara rẹ̀?

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ ara sílíńdà ló ń tu ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà lára. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Pósọ́fíìsì n'Ílọrin, nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, atẹ́gùn ọ̀hún dà? Ibẹ̀ ni fáànù oníná tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì ti wúlò.

Onísúìṣì ọwọ́ kò le, rẹ́wáyà á tètè so ó. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó ń wá èrò, tó tún ń ṣọ́ ọ̀nà, ṣé á rántí tàn án? Bó bá sì gbàgbé láti pa á, bátìrì á kú.

Èyí tí súìṣì rẹ̀ ń mọ ooru, tí wọ́n dè mọ́ ara sílíńdà, á tan bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dé ìwọ̀n, á sì kú bó bá tutù. Òun ni mo fara mọ́ gan-an. Ẹ ṣáà fi fúùsì sí i, kí wáyà rẹ̀ má sì kan sàléńsà, torí yíyọ́ ni yóò yọ́.