Ọ̀gá tó tẹ́ laminate sílé wa l'Ájàṣẹ́

Kí n ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Owó iṣẹ́ tí ọ̀gá tó tẹ́ laminate, ìyẹn pátákó ilẹ̀ tó jọ igi, sílé wa yìí ń gbà lórí mítà onígun mẹ́rin kan ju ti àwọn tó ń tẹ́ kárò ládùúgbò wa lọ. Mo ná an títí, díẹ̀ ló yọ níbẹ̀. Ìgbà tí mo wá rí ohun tó ń ṣe sí ilẹ̀ kó tó ṣí páálí kan ṣoṣo ni mo tó yé ráhùn.

Yàrá ìyá mi àti pálọ̀ la fẹ́ ṣe. Ìyá ti kọ kárò pátápátá: wọ́n ní ó ń tutù sí àwọn lẹ́sẹ̀ lásìkò ọyẹ́, àti pé bí omi bá kán sí i, ìṣubú ló kù. Laminate la wá fẹnu kò sí, èyí tó nípọn tó mìlímítà 8, tí wọ́n kọ AC4 sára páálí rẹ̀; nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe le tó sí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ àti ìhá. AC3 ti tó fún yàrá àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ní pálọ̀ tí àwọn ọmọ ti ń wọ́ àga kiri, AC4 ló lè gbà á. Kì í ṣe igi gidi o. Fọ́nrán igi tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti ooru tẹ̀ pọ̀, ló wà nínú. Bébà tó ní àwòrán igi ló wà lókè, wọ́n sì fi ohun líle tó ń dán bò ó. Omi tó bá gba abẹ́ tàbí etí wọ inú rẹ̀ ló ń bà á jẹ́. Á wú, kò sì ní padà mọ́.

Oníṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi ní àwọn ọmọ òun lè parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá kò tilẹ̀ dá sí i. Ilé wa ò jìnnà sí ọ̀sà, bíríkìlà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ilẹ̀ yàrá ìyá dà ni. Ọ̀gá gé ọ̀rá funfun kan, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ilẹ̀, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ṣí i lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ ti so sábẹ́ rẹ̀, sìmẹ́ńtì ibẹ̀ sì ti dúdú.

Ó pè mí: “Ìyá Ìbejì, ẹ wò ó. Bí mo bá tẹ́ ẹ báyìí, ká tó dé àmọ́dún ẹ ó máa wá mi kiri.”

Inú bí mi, torí ìyá ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi, wọ́n sì ń fóònù láràárọ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì tuntun ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan lórí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan kó tó gbẹ, tiwa sì tó 4. Lásìkò òjò, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A dúró.

Nígbà tó padà wá, ó fi irin gbọọrọ tó gùn tó mítà 2 yẹ gbogbo ilẹ̀ wò bóyá ó tẹ́jú. Ibi tí àlàfo abẹ́ rẹ̀ bá ti ju mìlímítà 3 lọ, á fi ẹfun sàmì sí i. Ibi tó jìn, ó dí i; ibi tó wú, ó rin ín wálẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jìn, pátákó á máa lọ sísàlẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, títí eyín tí wọ́n fi há mọ́ra wọn á fi kán. Àwọn páálí náà ti wà ní gbalaja nínú yàrá fún wákàtí 48, kí ara wọn lè bá ooru àti ọ̀rinrin ilé mu. Ọ̀rá nípọn ló kọ́kọ́ tẹ́, ọ̀kan gun èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 20, fóòmù mìlímítà 2 tẹ̀lé e.

Ìṣirò rẹ̀ ló wú mi lórí. Yàrá náà fẹ̀ ní mítà 3 àti sẹ̀ǹtímítà 45, pátákó kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 19. Ó yọ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri méjèèjì, torí pátákó ń fẹ̀ nígbà òjò, ó sì ń sún kì nígbà ọyẹ́. Ó wá fi pẹ́ńsùlù ṣírò ìyókù sára ògiri mi: ìlà 18 á wọlé, á ku sẹ̀ǹtímítà 1. Ta ló máa rí pátákó sẹ̀ǹtímítà 1 gé? Ló bá gé ìlà àkọ́kọ́ kù sí 10, ti ìkẹyìn náà bọ́ sí 10, ìlà 17 tó pé wà láàárín. Lẹ́nu ọ̀nà, kò gé pátákó yí férémù po. Ó fi àgékù pátákó ti ẹsẹ̀ férémù, ó gbé ayùn lé e, ó gé ìdí férémù náà, pátákó sì yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ò ní mọ ibi tó gé.

A jà díẹ̀ lórí irin pẹlẹbẹ tó fi sí ojú ibi tí yàrá ti bọ́ sí pálọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí pátákó lọ tààrà, ìyẹn ló dùn-ún wò. Ó kọ̀: ó ní kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa fẹ̀ láyè ara rẹ̀. Irin náà ò tíì wù mí títí di ìsinsìnyí.

Ohun tí mo rí sí i: ìyẹ̀fun igi gba gbogbo àgbàlá, ó sì fi sílẹ̀ fún wa láti gbá. Ní kọ̀rọ̀ kan ní pálọ̀, pátákó etí ògiri ò pàdé dáadáa. Ohun tó fi dí i kò bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Fóònù rẹ̀ kì í wọlé. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un.

Ìyá ti padà sí yàrá wọn. Iṣẹ́ tó kù ni láti gba korobá lọ́wọ́ wọn, torí omi rẹpẹtẹ ni wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé; aṣọ tí a fún gbẹ nìkan ni eléyìí ń fẹ́.

Ẹ ra ìdá kan nínú mẹ́wàá lé orí ìwọ̀n ilẹ̀ yín, torí àgékù. Ìdajì owó ló ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù dọjọ́ tó bá kan pátákó etí ògiri tán. Kì í gba iṣẹ́ balùwẹ̀. Bí ilẹ̀ yín bá sì jẹ́ tuntun, ẹ pè é lásìkò ọyẹ́. Lóṣù kẹfà, ọ̀rá yẹn ló máa fi dá yín lóhùn.