Sìmẹ́ńtì funfun, ákírílíìkì àbí sílíkọ̀nù: èwo ni ká rà fún etí bàtọ́ọ̀bù?

Ẹ wo etí bàtọ́ọ̀bù yín, níbi tó ti pàdé táìlì. Bí ohun tí wọ́n fi dí i bá ti ń bó, tàbí tó ti bu tó sì dúdú débi pé kò ṣeé fọ̀ mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn táìlì ni omi tó ń gba ibẹ̀ wọlé ń lọ, títí ọ̀dà ògiri yàrá kejì yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Sìmẹ́ńtì funfun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun sì ni púlọ́ńbà púpọ̀ máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ má gbà fún wọn. Àárín táìlì sí táìlì ni ààyè rẹ̀. Bàtọ́ọ̀bù a máa rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí omi bá kún un tí èèyàn sì wọ inú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ò lè nà, ńṣe ni yóò là.

Ákírílíìkì kì í rùn, a sì lè kun ọ̀dà lé e, nítorí náà ó dáa fún etí férémù ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ó máa ń sún kì bó bá ṣe ń gbẹ, omi ojoojúmọ́ sì ń bà á jẹ́.

Sílíkọ̀nù ò gba ọ̀dà, àmọ́ ó ń nà bíi rọ́bà, omi ò sì rí i gbé ṣe. Oríṣi méjì ló wà, ibí sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀kan ń rùn bí ọtí kíkan tó bá ń gbẹ. Kò wọ́n, ó tètè mú, ó sì dára lórí gíláàsì àti táìlì dídán. Ásíìdì tó wà nínú òórùn yẹn ló ń jẹ irin, kì í sì í jẹ́ kó di sìmẹ́ńtì mú dáadáa. Mo fi dí etí béèsìnì tó wà lórí òkúta mábù nílé wa. Gbogbo ibi tó kàn ni kò dán mọ́ títí dòní. Èkejì, wọ́n máa ń kọ “neutral” sí i lára. Ó wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ó gba irin àti sìmẹ́ńtì. Òun ni mo ń rà báyìí. Tó bá jẹ́ mábù ni tiyín, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó wà fún òkúta.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ wá “sanitary” lára rẹ̀: wọ́n ti po oògùn tí kì í jẹ́ kó tètè bu mọ́ ọn. Ẹ wo ọjọ́ tó máa kọjá ìlò pẹ̀lú, torí èyí tó ti kọjá ìlò lè má gbẹ láéláé. Ìgò mílílítà 300 kan tó bàtọ́ọ̀bù kan, á sì ṣẹ́kù.

Ẹ ra abẹ àti sípíríìtì mọ́ ọn. Sílíkọ̀nù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ògbólógbòó, nítorí náà ẹ ha ti àtijọ́ kúrò pátápátá, kí ẹ wá fi ìka gbígbẹ ra ibẹ̀. Bí ìka bá ń yọ̀ bí ẹni fọwọ́ kan àdí, ó ṣì kù. Ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ó gbẹ mọ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ pọn omi kún bàtọ́ọ̀bù kí ẹ tó fa ìlà tuntun, kí àlàfo náà lè ṣí dé ibi tó máa ń ṣí dé. Ẹ má tú omi náà dànù títí wákàtí 24 yóò fi pé.