Ẹ ṣọ́ra fún kátọ̀nù táìlì tí wọ́n tún dì: ohun tójú wa rí níbi balùwẹ̀ màmá wa l'Óṣogbo

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń kọ́lé tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ tún ilé ṣe l'Óṣogbo níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó táìlì kankan kẹ́ ẹ tó ka èyí tán. Bí wọ́n bá gbé kátọ̀nù síwájú yín tẹ́ ẹ rí i pé sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ ẹnu ẹ̀, tí kì í ṣe okùn rọ́bà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fi ń dì í pọ̀, ẹ ní kí wọ́n tú u lójú yín, kẹ́ ẹ wò ó dé ìsàlẹ̀. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni màmá wa yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, balùwẹ̀ tí mo fi owó àjọ oṣù mẹ́wàá ṣe torí pé mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣubú. Ọlọ́run yọ wọ́n, egungun ò ṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ló wú, wọ́n ṣì fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Nígbà tí a wá yẹ ilẹ̀ yẹn wò dáadáa la rí i pé ọjà tí wọ́n tà fún wa ló gbé wọn ṣubú.

Òkè-Baálẹ̀ la wà. Ilé àtijọ́ tí bàbá wa kọ́ ni, ẹ mọ irú ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá wà. Màmá wa ti lé ní 70 ọdún, bó bá di òru wọ́n á mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wọ́ bàtà, òjò ì báà máa rọ̀, wọ́n á la àgbàlá kọjá. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo wá ní ká sọ yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ẹrù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tiwọn di balùwẹ̀, ká gbé W.C. sí i, ká lẹ táìlì sí ilẹ̀ àti ògiri. Yàrá náà ò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6 ni.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe plọ́ḿbà kan fún mi, ó sì sọ ọ́ tinútinú, mi ò bá a wí. Ọmọkùnrin yẹn dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá wa, ó ń pè wọ́n ní "ìyá mi", màmá sì fẹ́ràn ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Ó ní òun máa bá wa mú onítáìlì wá, òun máa dúró lórí gbogbo iṣẹ́. Kò mú téèpù wá o, ó kàn fi ẹsẹ̀ rìn ín yíká, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní kátọ̀nù 29 ló máa gbà. Mo ní ṣé kò pọ̀ jù, ó ní "Àǹtí, táìlì máa ń fọ́ o, ó sàn kó ṣẹ́kù ju kó má tó lọ." Mo ní ó dáa. Ó tún ní bí mo bá dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọ́n máa rẹ́ mi jẹ, pé òun ní kọ́sítọ́mà kan tó máa ta á fún wa ní iye tí wọ́n ń tà á fún àwọn oníṣẹ́. Gbólóhùn yẹn gan-an, bí oníṣẹ́ kan bá sọ ọ́ fún yín, kẹ́ ẹ yáa dúró kẹ́ ẹ ronú.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn yẹ́ wa sí, ó gbé àga fún wa, ó fún wa ní omi tútù, ó tú kátọ̀nù kan lójú wa, mo fi ọwọ́ pa táìlì tó wà lókè, ó rí ṣákaṣàka dáadáa bí èyí tí ẹsẹ̀ ò lè yọ̀ lórí ẹ̀. Ara kátọ̀nù náà, ti ilẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. ₦7,000 ni kátọ̀nù kan, ti ilẹ̀ àti ti ògiri iye kan náà. Mo ṣe tírànsífáà gbogbo owó lójú ẹsẹ̀, sínú ákáǹtì tó jẹ́ orúkọ èèyàn, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Rìsíìtì tó kọ fún mi, ohun tó wà níbẹ̀ ò ju "táìlì 29 kátọ̀nù" lọ, kò kọ bó ṣe tóbi tó, kò kọ ti ilẹ̀ tàbí ti ògiri, kò kọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ráyè tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọjà tí àwọn bá ti tà àwọn kì í gbà á padà. Tíṣà ni mí, mo padà sí ẹnu iṣẹ́. Màmá nìkan ló wà nílé nígbà tí wọ́n kó ọjà dé, ta ló fẹ́ kí ìyá arúgbó máa ka kátọ̀nù?

Ẹ wá gbọ́ bí àṣírí ṣe tú. Lẹ́yìn tí màmá ṣubú, àbúrò mi ọkùnrin wá láti Ẹdẹ. Ó bọ́ bàtà, ó da omi díẹ̀ sí ilẹ̀ balùwẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, òun náà fẹ́ẹ̀ẹ́ lọ. Ó ní "ẹ̀gbọ́n mi, táìlì wo lẹ ní ẹ rà?" Mo ní èyí tó rí ṣákaṣàka ni. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n fi ọwọ́ pa á. Ó ń dán bíi dígí. Tí ẹ bá mọ màmá wa, wọn kì í da nǹkan nù, wọ́n ti kó gbogbo àwọn kátọ̀nù òfìfo yẹn pa mọ́ sẹ́yìn ilé pé àwọn máa fi sá ata. Àwọn kátọ̀nù yẹn ló gbà wá. A kà wọ́n pọ̀ mọ́ èyí kan tí wọn ò tíì tú, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 20. Mẹ́sàn-án dà? Ọmọ aládùúgbò wa kan ló sọ pé ní ọjọ́ kejì tí wọ́n kó ọjà dé ni bọ̀dá plọ́ḿbà gbé kẹ̀kẹ́ NAPEP wá, ó kó kátọ̀nù sí i, ó ní Àǹtí ló ní kí òun lọ dá a padà. Ó dá a padà lóòótọ́. Ó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù tí a ti rà á, wọ́n san owó fún un, wọ́n jọ pín in. Kátọ̀nù 9 ní ₦7,000, ₦63,000 nìyẹn.

Èyí tí wọn ò tíì tú yẹn, àbúrò mi yí i padà, ipa okùn rọ́bà wà lára páálí ẹ̀ ṣùgbọ́n okùn fúnra ẹ̀ ò sí mọ́, sẹ́lótéèpù aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. A tú u. Méjì tó wà lókè rí ṣákaṣàka, gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ ń dán, mẹ́ta lára wọn ti kán létí. Táìlì sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30 tó yẹ kó jẹ́ 17 nínú kátọ̀nù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀, 13 la bá. Ẹni tó lẹ táìlì náà rí i pé ó ń dán, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn ń lẹ̀ ẹ́ lọ. Ibi tó dùn mí jù nìyẹn, torí ó rí màmá wa lójoojúmọ́, wọ́n ń fún un lóúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò ẹ̀ síbí, torí ká ní mo ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ni, kò sí bí 29 yẹn ṣe máa wọ ilé wa. Ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6, téèpù ní mítà 2.44 sí 1.83 ni. 2.44 lọ́nà 1.83 jẹ́ 4.47, ilẹ̀ nìyẹn, ẹ máa rí m² lára kátọ̀nù, òun là ń kà. Táìlì 30 sí 30 tí ó bá jẹ́ 17, kátọ̀nù kan gba ibi tó tó 1.53. Ẹ pín 4.47 sí 1.53, kò tó kátọ̀nù 3, ẹ wá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé, kátọ̀nù 4 ti tó. Ògiri wá, ẹ ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó jẹ́ mítà 8.54, ẹ sọ ọ́ lọ́nà gíga ẹ̀ tó jẹ́ 2.44, ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó ku bíi 18.8. Táìlì ògiri 25 sí 40 tó jẹ́ 15 nínú kátọ̀nù gba 1.5. Kí ẹ fi ti fífọ́ kún un, kátọ̀nù 14. Mẹ́rìnlá àti mẹ́rin, 18. Ó ní 29! Mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò níléèwé, ẹkún gbọ̀n mí nígbà tí mo ṣe é tán lẹ́yìn ìwé.

Ti ẹ̀rọ omi náà tún wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ló tà á, ó ní idẹ ni, owó idẹ ló gbà. Láàárín oṣù méjì ó ti ń bó, ibi tí wọ́n ti ń yí i ti ń sun omi. Àwa ọmọ Òṣogbo, àwa tí wọ́n ń kí odò wa ní Afidẹrẹmọ, a dẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ta irin tí wọ́n kùn fún wa bí idẹ. Ẹ mú òòfà kékeré dání bẹ́ ẹ bá ń lọ, èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́ náà máa ṣe é, bí òòfà bá ti gbá ara ẹ̀ mú, kì í ṣe idẹ. Bí kò bá gbá a mú náà ẹ má tíì yọ̀, torí àwọn kan fi sínkì tàbí rọ́bà ṣe é, ẹ gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó wúwo, kẹ́ ẹ wá wo inú ẹnu tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù, ibẹ̀ ni wọn kì í kùn dáadáa, idẹ máa pupa rúsúrúsú níbẹ̀.

Ti páìpù, mi ò ní fa á gùn. Kí wọ́n tó lẹ táìlì bo ògiri, ẹ ní kí wọ́n dí gbogbo ẹnu páìpù, kẹ́ ẹ ṣí omi láti táǹkì, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ pa gbogbo oríkèé ẹ̀ láàárọ̀. Wọn ò ṣe tiwa, ògiri yàrá màmá ti ń rin báyìí. Ihò tí omi ń gbà jáde nílẹ̀ náà, ó yẹ kó ní páìpù tó tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ tí omi máa ń dúró sínú ẹ̀, omi tó dúró yẹn ló ń dí òórùn sókàwéè mọ́lẹ̀. Páìpù gbọọrọ ni wọ́n fi sí tiwa, òórùn ń gòkè wá tààrà, a ti ń fi akísà dí i.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ̀lú àbúrò mi, a gbé kátọ̀nù tí a tú dání. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó na ìka sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri, pé àwọn kì í gba ọjà padà. Mo ní bọ̀dá, òfin tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwa oníbàárà, èyí tí 2018 wà lára orúkọ ẹ̀, ó fún ẹni tó bá ra ọjà tó ní àbùkù ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà, ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ò ju òfin lọ. Ó ní kí n lọ mú wọn wá. Mo ya fọ́tò rìsíìtì, ti tírànsífáà, ti inú kátọ̀nù, mo ní màá fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti rán àwọn àgbà sí wa. Nítorí àwọn àgbà yẹn ni mi ò ṣe dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà síbí, mo ti gbà fún wọn, ó sì dá ₦40,000 padà. Plọ́ḿbà ti pa fóònù ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí n dákẹ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ìyá ẹlòmíràn náà máa wọ balùwẹ̀.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra táìlì, ì báà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì ńlá tàbí inú ọjà, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ lọ béèrè iye ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta láìmú oníṣẹ́ dání. Ẹ fi owó iṣẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un, ẹ sọ fún ẹni tó ń tajà lójú ẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù, ẹ̀yin nìkan ló lè dá a padà, kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Kó kọ bí táìlì ṣe tóbi tó, kó kọ ilẹ̀ tàbí ògiri, kó kọ nọ́ńbà shade tó wà lára kátọ̀nù, torí bí nọ́ńbà yẹn ò bá bára mu, àwọ̀ ò ní bára mu lára ògiri. Bí ẹ kò bá dá ti ilẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ògiri, ẹ da omi sí ẹ̀yìn ẹ̀, ti ògiri máa ń fà á mu kíákíá. Èyí tó ń lọ sí ilẹ̀ balùwẹ̀, ẹ da omi sí ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ bọ́ bàtà gùn ún níbẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ojú má tì yín. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ máa kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá ń dún gbògbò bí ìgbá òfìfo, síméńtì ò dé abẹ́ ẹ̀, ẹ má sanwó ìyókù.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa hú ilẹ̀ yẹn. Àbúrò mi ló máa dúró tì wọ́n láti àárọ̀, kátọ̀nù 4 ni mo rà, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù, okùn rọ́bà wà lára gbogbo ẹ̀. Màmá wa ti padà sí ti ẹ̀yìnkùlé báyìí, èmi ni mò ń gbé tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé wọn lóru. Kátọ̀nù onísẹ́lótéèpù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń dì í kó sọ fún mi, màá fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́.